Àwòrán ìpè Mátíù tí Caravaggio yà: ta gan-an ni Jésù nàka sí nínú òkùnkùn yẹn?

Àjíkẹ́_Arìnrìnàjò
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Àtàná ni mo ti wà ní Róòmù, ẹsẹ̀ ń ro mí gan-an ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí torí àwòrán kan. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí wọ́n ń pè ní San Luigi dei Francesi, kò jìnnà sí Piazza Navona, ẹnikẹ́ni ò gbowó lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá rìn lọ lápá òsì títí dé yàrá àdúrà tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì àtijọ́, yà wà, orí Mátíù ni gbogbo wọn dá lé. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo kàn dúró mò ń ranjú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, àfìgbà tí ọkùnrin kan ju kóìnì sínú àpótí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, iná bá tàn yòò, gbogbo wa pariwo háà bí ọmọ àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná padà fún.

Èyí tó wà lára ògiri òsì ni mo fẹ́ bi yín. Èèyàn márùn-ún ló wà nídìí tábìlì, wọ́n ń ka owó. Jésù àti Pétérù wọlé láti apá ọ̀tún, Jésù na ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ kan sì gba orí ẹ̀ kọjá lọ sára ògiri. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan láàárín wọn nàka bí ẹni ń sọ pé "ṣé èmi?" Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lópin tábìlì lápá òsì tó doríkodò, kò tiẹ̀ gbójú sókè, owó ló gbájú mọ́. Ọ̀rẹ́ tá a jọ lọ ní onírùngbọ̀n ni Mátíù. Ẹni tó ń mú àwọn àlejò kan kiri níbẹ̀ ní rárá, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni. A ò tíì bá ara wa parí ẹ̀ tí iná fi kú. Ta ni ẹ̀yin rí? Mátíù 9:9 ni wọ́n yà, "Máa tọ̀ mí lẹ́yìn," ó sì dìde. Nínú àwòrán yìí ẹnì kankan ò tíì dìde.

Kàrábá
Ẹni tí wọ́n bá fi tọ́ọ̀ṣì hàn níbi tó ti ń ka owó, ṣé kò ní doríkodò ni? Ọmọ yẹn ló jẹ̀bi 😂

BàbáFọ́tò
Àjíkẹ́, o kú ìrìn o. Èmi ò tíì dé Róòmù rí ṣùgbọ́n àwòrán yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó, torí ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ fọ́tò lẹ́ ẹ̀dà ẹ̀ mọ́ ara ògiri sítúdíò ẹ̀, tá a bá ti ya ojú oníbàárà tí gbogbo ẹ̀ wá funfun gbòò bíi pákí tí wọ́n bó, á kàn nàka sí ògiri yẹn, kò ní sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí iná ti ń wá, ọ̀rọ̀ Mátíù á tẹ̀ lé e. Gbogbo yín ẹ rí fèrèsé tó wà lókè nínú àwòrán yẹn, àbí? Ẹni tí ò bá fara balẹ̀ á ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Irọ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa, nǹkan bí ìwé tí wọ́n fi òróró pa ni wọ́n fi dí ojú ẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó ń gbabẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òkè apá ọ̀tún ló ti ń bọ̀, lẹ́yìn férémù, níbi tí àwa ò lè rí. Ó gé ògiri ní ìdábùú, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ Jésù sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gẹ́rẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dagun náà ni ọwọ́ yẹn ṣe nà.

Nǹkan tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé Jésù fúnra ẹ̀ ló wà nínú òkùnkùn jù. Ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ kan, ọrùn ẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ẹ̀, ó tán. Ẹ̀yìn Pétérù bo ìyókù. Òrùka ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ tín-ín-rín débi pé lórí fóònù ẹ lè má rí i. Ẹlòmíì ì bá kó gbogbo iná lé Jésù lórí. Ọkùnrin yìí kó o lé àwọn agbowó òde lójú.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ ṣí àwòrán yẹn lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò bo ọwọ́ Jésù nìkan. Ẹ padà wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Kàrábá
Bàbá mo ti bò ó o. Ó wá dà bí pé Pétérù àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́tẹ́tẹ́.

BàbáFọ́tò
Ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Katikíìsì_Àgbà
Ẹ kú àlàyé sà. Èmi ní ìbéèrè tèmi. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi wọ aṣọ Róòmù ayé ìgbà tiẹ̀ fún àwọn tó wà nídìí tábìlì? Ẹ wo ọmọdékùnrin tó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́, èkejì ẹ̀ fi idà sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá aṣọ ẹ̀ abilà. Ibi tí Bíbélì wa ní Mátíù jókòó sí ni "bodè". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìlú wa, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ oníbodè: ẹni tó jókòó lẹ́nu ibodè ìlú tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó gbé ẹrù wọlé. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ràn oníbodè. Èmi rò pé inú oòrùn ló yẹ kí oníbodè jókòó sí, níbi tójú ọ̀nà wà. Kí ló wá gbé wọn wọ inú yàrá tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò?

Adé_Onítàn
Ẹ̀gbọ́n Katikíìsì, àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ tipẹ́ lẹ fọwọ́ kàn yẹn o. Àwọn kan tiẹ̀ ní kì í ṣe inú ilé rárá, pé ìta ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé kan, torí bí fèrèsé yẹn ṣe rí. Ó ṣeé ṣe. Ayàwòrán náà ò jẹ́ ká mọ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ wo àwọn méjì tó ń wọlé bọ̀: Jésù àti Pétérù wọ aṣọ àtijọ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó jókòó ló wọ aṣọ 1599. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nígbà náà, irú aṣọ tó wà lọ́rùn òun náà ló máa bá nídìí tábìlì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, ẹ má bínú tó bá gùn. Kádínà ará Faransé kan wà tó ń jẹ́ Matthieu Cointerel, àwọn ará Ítálì ń pè é ní Contarelli. Òun ló ra yàrá àdúrà yẹn, torí pé Mátíù lorúkọ ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ìtàn Mátíù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kú ní 1585, iṣẹ́ ò tíì parí. Ayàwòrán tó lórúkọ nígbà yẹn, Giuseppe Cesari, ya òkè àjà tán kò ráyè ya ògiri. Ó wá di July 1599 kí wọ́n tó gbé ògiri méjèèjì fún Caravaggio, 400 scudi, owó Róòmù ayé ìgbà náà, ni wọ́n bá a pè é, Kádínà del Monte, ẹni tí Caravaggio ń gbé nílé ẹ̀, ló bá a sọ̀rọ̀ níwájú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lásán! Orúkọ ẹ̀ gan-an ni Michelangelo Merisi, Caravaggio ni ìlú tí wọ́n ti wá. Kò tíì ṣe iṣẹ́ ńlá fún ṣọ́ọ̀ṣì kankan rí. Káńfáàsì tá à ń sọ yìí lé ní mítà mẹ́ta níbùú, ó lé ní mítà mẹ́ta lóròó.

Bàbá sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀tún. Àjíkẹ́, nígbà tó o kọjú sí ògiri òsì yẹn, níbo ni pẹpẹ wà sí ẹ?

Àjíkẹ́_Arìnrìnàjò
Ọwọ́ ọ̀tún mi. Fèrèsé gidi kan sì wà lókè pẹpẹ yẹn.

Háà! Ẹ dúró ná. Ìyẹn ni pé fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú àwòrán?

Adé_Onítàn
O ti rí i. Ó ya ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán kó bá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yàrá yẹn ń gbà wọlé mu. Ti ògiri kejì, níbi tí wọ́n ti ń pa Mátíù, apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, torí fèrèsé kan náà ni.

ÌyáTóbi_London
Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa tá a wà ní London ò kúkú nílò kóìnì, ọ̀kan lára àwòrán ẹ̀ wà ní National Gallery ní Trafalgar Square, ọ̀fẹ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ Ẹ́máọ́sì, 1601 ló yà á. Mo mú Tóbi lọ nígbà ìsinmi torí òjò ń rọ̀ mi ò sì fẹ́ náwó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Jésù tó ti jíǹde ló jókòó sáàárín, kò nírùngbọ̀n, ojú ẹ̀ rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀ bí ọmọ Grammar School, ó ń súre sórí búrẹ́dì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tó bá a rìn látàárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá a mọ̀. Ọ̀kan fẹ́ fò dìde, ìgunpá aṣọ ẹ̀ ti ya.

Onílé oúnjẹ dúró sẹ́yìn Jésù, fìlà ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀, kò mọ nǹkan kan tó ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ kọlù ú, òjìji ẹ̀ wá ṣubú sára ògiri, ẹ sì mọ ibi tó ṣubú sí? Ẹ̀yìn orí Jésù gangan. Ibi tí àwọn ayàwòrán máa ń fi wúrà yípo sí ni òjìji onílé oúnjẹ wà. Mo dúró níbẹ̀ mo ń wò ó ṣáá. Tóbi ní tiẹ̀, apẹ̀rẹ̀ èso tó wà létí tábìlì ló gbà á lọ́kàn, ó ní "Mummy, it's going to fall," ó nawọ́ bí ẹni fẹ́ gbá a mú, alábòójútó ibẹ̀ ti ń wò wá láti ọ̀ọ́kán. Kò kúkú jẹ̀bi, apẹ̀rẹ̀ yẹn yọ síta lórí tábìlì, òjìji ẹ̀ sì wà lórí aṣọ tábìlì lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ó fẹ́ já bọ́ sí wa lẹ́sẹ̀.

BàbáFọ́tò
Ìyá Tóbi, ẹ ṣeun jàre. Ẹ rí i, òjìji lẹ pè é, ẹ ò pè é ní ìbòji. Lédè wa méjèèjì ò jọra. Ìbòji ni ibi tí oòrùn ò dé tí èèyàn lè jókòó sí kára tù ú. Òjìji lèyí tó ń tẹ̀ lé èèyàn, tó lójú tó nímú. Nínú ti Ẹ́máọ́sì, òjìji ló fi ṣiṣẹ́. Nínú ti Mátíù tí Àjíkẹ́ mú wá, ìbòji pọ̀ jù òjìji lọ, inú ẹ̀ ni wọ́n kúkú jókòó sí tí wọ́n ń jayé wọn.

Búrọ́ọ̀ṣì_àti_Pẹ́ńtì
Èmi ayàwòrán rèé, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látòwúrọ̀, ọwọ́ mi dọ̀tí ni ò jẹ́ kí n tètè fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é torí èmi náà ti dán an wò, ojú sì tì mí. Mo ra túùbù dúdú, mo fi kun gbogbo káńfáàsì, mo ní kí n wá máa fi funfun mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó dà bí ẹni tó da eérú sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ẹ̀ kú. Ìyàwó mi béèrè bóyá èkúté ni mo yà.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé dúdú ni òkùnkùn ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń pa káńfáàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ là ń pè é, tiẹ̀ máa ń jẹ́ àwọ̀ amọ̀ tó ṣókùnkùn. Inú amọ̀ yẹn ló ti ń ya èèyàn jáde. Ibi tó bá yẹ kó jẹ́ òkùnkùn, pẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fi síbẹ̀, nígbà míì á kàn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi ìmọ́lẹ̀ ni pẹ́ńtì ti ń nípọn. Ìdí nìyẹn tí òkùnkùn ẹ̀ fi ń mí, tó dà bíi pé nǹkan wà nínú ẹ̀ téèyàn ò tíì rí.

Nǹkan míì, títí dòní wọn ò rí ìwé kankan tó ya àpẹẹrẹ sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Á gbé èèyàn gidi síwájú ẹ̀, á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì fa ilà sórí ilẹ̀ tó ṣì tutù, níbi tí orí máa wà, ibi tí apá máa wà, ó parí. Wọ́n rí irú ilà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àwòrán ẹ̀.

Kàrábá
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kò sí gílóòbù nígbà yẹn, kò sí jẹnẹrétọ̀. Báwo ló ṣe rí iná kan ṣoṣo tó le báyẹn?

Adé_Onítàn
Àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, bíi Mancini àti Bellori tó wá lẹ́yìn, sọ pé ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo láti òkè ni òun àtàwọn tó ń tẹ̀ lé e ń lò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Lọ́dún 1605 obìnrin onílé tó háyà ilé fún un pè é lẹ́jọ́ torí owó ilé tí kò san àti òkè àjà tó bà jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ńṣe ló dá òkè àjà lu kí ìmọ́lẹ̀ lè gbabẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin onílé inú ilé yìí, ẹ máa yọjú sí òkè àjà yín o.

Ọmọ_Bíṣọ́ọ̀bù
Kò sí ẹni tó sọ pé apààyàn lọkùnrin yìí? 1606 ló pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ranuccio Tomassoni ní Róòmù tó sì sá lọ. Ẹ wá ń pè é ní ayàwòrán Ọlọ́run. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó ní àwòrán nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Katikíìsì_Àgbà
Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó pè é ní ayàwòrán Ọlọ́run níbí, tún un kà. Agbowó òde ni wọ́n ń pè nínú àwòrán yẹn, ẹni táwọn Farisí ní kò yẹ kí Jésù bá jẹun. Ka ẹsẹ 11, kó o padà wá.

Adé_Onítàn
Ó tiẹ̀ tún kù. Lára ògiri kejì, níbi tí wọ́n ti ń pa Mátíù, ojú ara ẹ̀ ló yà sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ìpànìyàn yẹn bó ṣe ń lọ. 1600 nìyẹn, ọdún mẹ́fà kó tó pa èèyàn. Ó kú ní 1610 ní Porto Ercole, ọmọ ọdún méjìdínlógójì, kò tún padà fojú kan Róòmù.

ÌyáTóbi_London
Ẹ jẹ́ ká padà sórí Mátíù jàre. Èmi onírùngbọ̀n ni tèmi. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú gbàgà, ó sì ń nàka sí àyà ara ẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì_àti_Pẹ́ńtì
Àǹtí, ẹ fa ìka yẹn tóbi lórí fóònù. Ṣé àyà ara ẹ̀ ló nà án sí lóòótọ́? Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó doríkodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń nàka sí, pé "ṣé eléyìí?" Ìyẹn lẹ̀rí tàwọn tó fara mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin.

Adé_Onítàn
Ẹ̀rí tàwọn onírùngbọ̀n náà lágbára ṣá. Mátíù tó wà nínú àwòrán méjì yòókù nínú yàrá kan náà, àgbàlagbà onírùngbọ̀n ni. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin yìí náà sì wà nídìí owó lórí tábìlì, bíi pé òun ló ń sanwó tàbí tó ń gbà á.

Ẹ wo ọwọ́ Jésù náà. Bó ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀ yẹn, ọwọ́ Ádámù ni, èyí tí Michelangelo àgbà, ayàwòrán míì tó ti wà ṣáájú Caravaggio, yà sókè àjà ṣọ́ọ̀ṣì Sistine níbẹ̀ ní Róòmù, níbi tí Ọlọ́run ti ń dá Ádámù. Ti Ádámù, kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ọwọ́ tó rọ̀ báyẹn ò nàka sí ẹnì kan pàtó, ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Pétérù tún nàka tẹ̀ lé e níwájú ẹ̀, ẹ̀rọ X-ray sì ti fi hàn pé Pétérù ò sí níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó fi í kún un lẹ́yìn ni.

BàbáFọ́tò
Adé, o sọ àwòrán méjì yòókù. Ṣé èyí tó wà lórí pẹpẹ náà kọ́ ni wọ́n ní wọ́n kọ̀ nígbà kan?

Adé_Onítàn
Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ sà. Èyí tó kọ́kọ́ yà fún pẹpẹ ní 1602, wọ́n kọ̀ ọ́. Mátíù ibẹ̀ dà bí àgbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kọ́ra, ẹsẹ̀ lásán, áńgẹ́lì di ọwọ́ ẹ̀ mú láti máa kọ lẹ́tà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Olówó kan tó ń jẹ́ Vincenzo Giustiniani rà á fúnra ẹ̀, nígbà tó yá ó dé Berlin. Iná jó o ní 1945, ní ìparí ogun. Fọ́tò ẹ̀ nìkan ló kù, dúdú àti funfun.

BàbáFọ́tò
Dúdú àti funfun.

Mo lọ wò ó lórí ẹ̀rọ ọmọ mi nísinsìnyí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn fẹ́ jáde síta lára ìwé. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn ò mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ òun máa já sí nìyí.

Àjíkẹ́_Arìnrìnàjò
Ẹ káàárọ̀ o. Mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó wọ ọkọ̀. Mi ò fi kóìnì sí i, mo ní kí n wo ohun tí fèrèsé Bàbá àti Adé máa ṣe. Kò sí èrò púpọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ mi ò rí nǹkan kan, ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ojú mi tó mọ́ ọn lára, tí wọ́n wá ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Apá aṣọ abilà ọmọ tó kẹ̀yìn sí wa ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ojú onírùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ọwọ́ Jésù, ọwọ́ nìkan, mi ò rí ara tó ni ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ka owó yẹn ló pẹ́ jù, irun orí ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àfìgbà tí mo tẹ orí síwájú.

Obìnrin kan wá ju kóìnì sínú àpótí. Gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dùn mí díẹ̀.

ÌyáTóbi_London
Ó ti dájú nìyẹn. Onírùngbọ̀n.

Kàrábá
Ẹni tó pẹ́ jù kó tó yọ ni wọ́n ń pè jàre. Ọ̀dọ́mọkùnrin!

Àjíkẹ́_Arìnrìnàjò
Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ 😂 Ọkọ̀ ojú irin mi ti ń lọ.

Katikíìsì_Àgbà
Kẹ́ ẹ tó tú ká, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ bàbá arúgbó tó wà lápá òsì. Ó fọwọ́ ti jígí mọ́ ojú, ó tẹ̀ ba, ó ń wo owó tí ọmọ yẹn ń kà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, Jésù wọlé, ó ṣì ń wo owó, ó tiẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹn kà á. Òun ńkọ́?